Obìnrin Tí Wọ́n Ní Ó Ń Lọ

Àwòrán kan wà nínú gbọ̀ngán ìlú ní Rore tí àwọn ènìyàn máa ń ti Ìlọrin àti Èkó wá wò. Ìyàwó mi, Ṣàkírátù, ni ó yà á. Ó kú ní ọdún tó kọjá, ní àkókò tí kajú ń pọ́n lóko.

Ẹni tí kò tíì dé Rore rí náà lè ti rí àwòrán yìí, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó máa ń tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà wọn. Ọ̀nà erùpẹ̀ kan ni ó wà níbẹ̀, tó gba àárín koríko wọ ìlú. Ilé alámọ̀ kan wà lápá ọ̀tún. Obìnrin kan wà lójú ọ̀nà, ó ru ẹrù. Gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ omi àgbo, òkè rẹ̀ sì ṣókùnkùn ju ìsàlẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ìrọ̀lẹ́ Rore ni wọ́n ń pè é. Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí nìyẹn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn kan ní ìyàwó tí ọkọ lé jáde ni. Àwọn kan ní ìyá kan ni, tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù sí ìdálẹ̀ lọ. Olùkọ́ kan wá láti Òmù-Àrán, ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn rárá, pé ìlú ni, ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi oko sílẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Ṣàkírátù kú, ìtàn mìíràn borí gbogbo wọn. Wọ́n ní ó ti rí ikú ara rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Asisat ni ó mọ ìtàn yẹn sọ jù. Òun ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ni láti kékeré. Ní Èsìẹ́ ni wọ́n ti jọ dàgbà, ní Rore ni àwọn méjèèjì sì ti rí ọkọ. Bí àlejò bá wọlé, Asisat á nàka sí àwòrán náà, á ní, "Ẹ wò ó bí ó ṣe ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti dágbére fún wa, a kò mọ̀." Á wá fi etí gèlè nu ojú. Àwọn àlejò náà á nu ojú.

Mo ti dúró lẹ́yìn wọn rí nígbà tí ó ń sọ ọ́. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé obìnrin inú àwòrán yẹn kò lọ síbì kan.

Ní àkókò òjò tó kọjá, òrùlé gbọ̀ngán jò. Omi kò dé ara àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, ó ń ká sókè, ó sì ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Ọláìyá wá sílé mi nítorí rẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngán. Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì wálé, kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ìkánjú Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, kò tíì jókòó, "a ti rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọmọbìnrin kan ni, Dárasími. Ọmọ Òmù-Àrán ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe l'Ékòó nìyẹn, àtúnṣe àwòrán àtijọ́."

"Ó dára," mo dáhùn.

"Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án láì gba àṣẹ yín."

"Ó ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ ni. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ti ń súnmọ́lé."

Mo sọ fún un pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ dé.

Ó dé lọ́jọ́ ọjà. Ọmọbìnrin tínínrín ni, ó wọ ṣòkòtò, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Àpótí kékeré kan ni ó gbé lọ́wọ́. Èmi, òun àti Ọláìyá jọ lọ sí gbọ̀ngán. Asisat ṣílẹ̀kùn fún wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ kí a tó wọlé tán, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dé iwájú àwòrán, ó ti tan tọ́ọ̀ṣì. Ó tan iná náà láti ẹ̀gbẹ́, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ pákó tí a ya àwòrán náà sí, bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá," ó ní nígbẹ̀yìn, "kì í ṣe ọ̀dà ni ó ń sán yìí. Nǹkan kan ni wọ́n fi bo ọ̀dà náà. Nǹkan náà ni ó ń fún, tó sì ń fa ọ̀dà jáde tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo rò pé omi igi kan ni, àmọ́ mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá fi kùn ún?"

Ọláìyá wò mí. Asisat náà wò mí.

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dá iná tí a fi sè é.

N óò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ yẹn lórí àga gbọ̀ngán.

Àkọ́bí wa, Muaz, kú nígbà tí ó ń kọ́ ìrìn. Ibà ni. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni Ṣàkírátù ti dákẹ́. Kò sunkún, kò jẹun, kò dá ènìyàn lóhùn. Ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí Èsìẹ́. Mo máa ń lọ wò ó. Ìyá rẹ̀ á gbé àga fún mi, Ṣàkírátù á jókòó síwájú mi, á máa wo ilẹ̀. Bí ó bá ti tó ìgbà tí mo fẹ́ dìde, ìyá rẹ̀ á sìn mí dé ojú títì, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí, àna mi. Bí ó bá yá, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá." Gbogbo àkókò òjò ọdún yẹn ni ó lò níbẹ̀. Àwọn ará ilé mi ti ń dárúkọ àwọn ọmọbìnrin mìíràn fún mi. N kò gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo kírun Àsùbá tán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà títì, ó ru ẹrù. Ó ti sún mọ́ mi kí n tó mọ̀ pé òun ni. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Mo ní, "Káàárọ̀." Ó wọlé, ó mú ọwọ̀, ó sì gbálẹ̀.

A kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wa Mùínàt ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tí Ṣàkírátù sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mú pákó pẹlẹbẹ kan wálé, ó ya òwúrọ̀ yẹn sí i. Ó ya ọ̀nà náà, ó ya ìrì, ó ya ojú ọ̀run tó ń mọ́ bọ̀. Ó ya ara rẹ̀, ó dojú kọ wá, ó ń bọ̀ wálé. Ó ya èmi náà sẹ́nu ọ̀nà, mo kéré bí èèrà, mo wọ jalamíà funfun. Àwòrán náà mọ́lẹ̀ débi pé bí a bá gbé e sí yàrá, ó dà bí ẹni pé a ṣí fèrèsé.

Ìlú ní àwọn fẹ́ gbé e kọ́ sí gbọ̀ngán. Nígbà náà, ìta ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ sí, níbi tí òjò lè dé. Ẹ̀rù ba Ṣàkírátù. Ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe sí ògiri ní Èsìẹ́. Ó kó èèpo èso igi irúgbá jọ, igi tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, ó sè é títí omi rẹ̀ fi pọ́n tó sì ki, ó fi kun àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, ó tún un kùn. Òjò tó bá bọ́ sára ògiri tí a fi omi yẹn kùn, ṣe ni yóò máa yọ̀ dànù.

Lóòótọ́, òjò kò mú àwòrán náà. Ṣùgbọ́n ara ògiri amọ̀ kì í ṣe ara ọ̀dà. Lórí amọ̀, omi irúgbá máa ń wọlé lọ. Lórí ọ̀dà, òkè ni ó dúró sí, ó ń pọ́n sí i, ó ń ṣókùnkùn sí i. Kí ọdún tó yí po, ojú ọ̀run ti bò. Ojú obìnrin náà bò, ó kù kìkì gèlè àti ẹrù, ó wá dà bí ìpàkọ́. Èmi náà bò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣàkírátù dúró wò ó, ó ní, "Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àlejò kan láti Ìlọrin ni ó kọ́kọ́ pè é ní Ìrọ̀lẹ́ Rore, ó sì yìn ín púpọ̀. Mo ní kí Ṣàkírátù sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ta ni yóò lọ gba orúkọ náà padà? Ẹ̀yin ṣáà mọ̀ ọ́n."

Èmi ṣáà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Asisat ni ó kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ ní omi kí ni?"

"Omi irúgbá."

"Ṣàkírátù fi omi irúgbá kun ọ̀dà?" Ó di orí mú. "Áà! Ọmọ Èsìẹ́ ṣe bí ọmọ Èsìẹ́! Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ ń sọ, pé bí ewúrẹ́ bá dúró lójú kan fún un, yóò kùn ún!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì dáwọ́ dúró lójijì. Ó yíjú sí àwòrán náà.

"Nítorí náà kò dágbére fún wa."

"Kò dágbére," mo dáhùn.

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń parọ́ fún àwọn ará Èkó."

"Màmá, ẹ ò parọ́," Dárasími sọ. "Ohun tí ẹ rí ni ẹ sọ."

Dárasími wá ṣàlàyé. Bí a bá fi àwòrán náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó bò ó yóò máa já bọ́, yóò sì máa mú ọ̀dà lọ, títí kò fi ní ku nǹkan kan. Ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra bó ṣe wà, kí ìrọ̀lẹ́ máa jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tàbí kí ó fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ó bá fọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí òwúrọ̀ yọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀dà bá a lọ.

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra," Ọláìyá sọ kíákíá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Gbogbo ayé ló mọ Ìrọ̀lẹ́ Rore. Bí a bá fọ̀ ọ́, tó wá di nǹkan mìíràn ńkọ́? Kí ni a óò sọ fún wọn l'Ékòó? Àti pé, Ìyá Mùínàt fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kùn ún. Ṣé a óò wá nu iṣẹ́ ọwọ́ wọn dànù?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára. Ọwọ́ Ṣàkírátù ni ó ya òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ó bò ó. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fún mi láàyè. Mo lọ sílé.

Kò sí àwòrán rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi tó jẹ́ ti ìgbà èwe rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wa bàjẹ́ nígbà tí a wó ilé alámọ̀ wa láti kọ́ ti bíríkì. Àwọn èyí tó wà nínú fóònù Mùínàt, ti ìgbà àìsàn ni. Ojú kan ṣoṣo tó kù lára ti ìgbà náà wà lábẹ́ omi irúgbá, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n pé mo fẹ́ rí nǹkan kò sọ pé mo ní ẹ̀tọ́ láti ba iṣẹ́ òkú jẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Asisat wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Ògiri ilé ìdáná ni mo jókòó tì. Òun nìkan ni ó kù lára ilé àtijọ́ náà. Ṣàkírátù ni kò gbà kí a wó o.

"Bàbá Mùínàt," Asisat ní, "ẹ ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ó sàn ju àwọn mìíràn lọ. Kì í dá mi lóhùn."

"Ẹ ṣeun." Ó fi ọwọ́ pa ògiri náà. Ó ṣì ń dán. "Ìgbà wo ni ó kun èyí kẹ́yìn?"

"Ọdún tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo pọn omi."

"Kí ni ó fi omi náà ṣe?"

Mo fẹ́ dáhùn pé ó fi se èèpo irúgbá. Mo wá rántí. Kì í ṣe fún sísè nìkan ni mo ń pọn omi. Kí ó tó kùn ún, ó fi kànìnkànìn àti omi fọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá, omi pupa ń ṣàn dé ẹsẹ̀ mi, ògiri náà sì tún mọ́ bí ìgbà tí a mọ ọ́n.

Asisat rí i lójú mi pé mo ti rántí.

"A kì í kùn ún lé ògbólógbòó," ó ní. "Ìyá Ṣàkírátù á nà wá. Wọ́n á ní, aṣọ ògiri ni, aṣọ tó bá sì ti dọ̀tí, a máa ń bọ́ ọ fọ̀ ni. Ti àwòrán yìí, kò rí ẹni bá a bọ́ ọ. Ta ni ẹ fẹ́ kó fọ̀ ọ́? Èmi tí orúnkún ń dùn?"

Mo dìde. Mo ní kí ó lọ sọ fún Dárasími pé kí ó fọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un," ó dáhùn. "Ẹ̀yin ni ọkọ rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Dárasími gbé àwòrán náà kalẹ̀ sórí tábìlì gígùn lẹ́bàá fèrèsé. Ó ká òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Kí ni ẹ óò fi fọ̀ ọ́?" Ọláìyá béèrè. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó wá. "Ṣé oògùn òyìnbó kan ni?"

"Itọ́ ni, sà."

"Kí ni?"

"Itọ́ ẹnu mi. Òun la máa ń kọ́kọ́ dán wò. Ó máa ń rọra ṣiṣẹ́, kì í ba nǹkan jẹ́."

Asisat pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n lọ pe ọmọ wá láti Èkó, ó ní òun fẹ́ tutọ́ sí Ṣàkírátù lójú!"

"Màmá, mi ò ní tutọ́ sí wọn. Òwú ni màá fi kàn án."

"Ṣé o ti fọ eyín láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì àti ẹyin."

"Àlùbọ́sà wà nínú ẹyin náà?"

"Kò sí, Màmá."

"Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ lọ."

Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ó má tíì dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ó fi òwú náà sẹ́nu, ó rọra yí i lórí igun àwòrán. Òwú náà pọ́n. Ó sọ ọ́ nù, ó mú òmíràn. Ní ibi tó ti nù, àyè kékeré kan yọ, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Kì í ṣe àwọ̀ omi àgbo mọ́. Àwọ̀ eérú ni, tó ń di funfun lọ sísàlẹ̀, bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí kí oòrùn tó yọ. Ọ̀dà náà kò gbéra.

Ọláìyá fà sún mọ́ tábìlì, ó sì gbàgbé láti padà sẹ́yìn.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ojú ọ̀run ti ń yọ. Koríko yọ tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìrì rẹ̀, tí Ṣàkírátù fi orí igi ìṣáná tò sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Dárasími wá kọjá sí ilé alámọ̀ náà. Ó fi òwú kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sókè, ó sì dá dúró gbagidi. Òwú náà kò pọ́n nìkan. Nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ yí padà, "ó ń jáde."

A wò ó. Níbi tí ògiri funfun ti yẹ kó wà, pákó òfìfo ni ó kù, ẹnu ọ̀nà náà sì ti bá a lọ.

"Kì í ṣe ọ̀dà," ó sọ. "Kí ni wọ́n lò níbẹ̀?"

"Ẹfun," mo dáhùn. "Ẹfun tí a pò pọ̀ mọ́ omi. Ọ̀dà funfun kò tó lọ́jọ́ náà."

"Ta ni ẹ ní wọ́n yà sẹ́nu ọ̀nà?"

"Èmi ni."

Ó fi òwú náà sílẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti nù yín dànù."

"O kò nù mí," mo wí. "Mo jókòó síbí."

Ọláìyá ní kí a dúró. Ó ní ohun tí a ti rí tó, kí ó lẹ ìyókù mọ́ra, bí ojú obìnrin náà bá tún jẹ́ ẹfun ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Dárasími náà ní bó bá jẹ́ ẹfun, òun kò ní lè dá a dúró. Ó ní kí n rántí. Kí ni ó fi ya ojú yẹn?

Mo dijú. N kò rántí ohun tó wà nínú ike tàbí nínú agolo. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rántí. Nígbà tí ó ń ya ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó gbé oúnjẹ fún mi, a jọ jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ya ojú, kò gbà láti gbé oúnjẹ fún mi. Ó ní kí n lọ bù ú fúnra mi, pé ọwọ́ òun ń rùn. Kẹrosíìnì ni. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun fèrèsé ilé ìwé ni ó mú wá sílé, kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń là á, kì í ṣe omi.

Mo sọ fún Dárasími.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Èmi ni mo lọ bu oúnjẹ náà."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ká òwú tuntun, èyí tó kéré jù. Asisat ní òun kò lè wò ó, pé òun ń lọ sílé lọ kírun. Ó lọ lóòótọ́. Ọláìyá kọjú sí fèrèsé. Èmi wò ó.

Gèlè ni ó kọ́kọ́ yọ, ó ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà iwájú orí. Kò gbéra. Ojú kan yọ, òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n padé díẹ̀, bí ojú ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí níwájú. Imú rẹ̀ ni. Nígbà tí Dárasími dé ẹnu, ó dá dúró.

"Nǹkan kan wà lẹ́nu wọn níbí. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé ìdọ̀tí ni?"

Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ba wò ó.

Orín ni. Ó fi orín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń rìn bọ̀ wálé. Ó ti tètè kúrò ní Èsìẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò dúró rin orín tán, ó ń rìn ín bọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo rò pé mo mọ gbogbo òwúrọ̀ yẹn, mo ti tọ́jú rẹ̀ sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rántí orín náà. Òun rántí. Ó yọ ọ́ lẹ́nu kí ó tó kí mi, ó sì fi há etí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọláìyá yíjú kíákíá, nítorí kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi láti ọjọ́ fìdáù Ṣàkírátù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Wá wò ó."

Ó wá, ó wò ó. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe nípa kàlẹ́ńdà. Ó ní, "Wọ́n mà rẹwà o."

Dárasími bi mí bóyá kí òun tún èmi náà yà sẹ́nu ọ̀nà, pé òun lè ṣe é kó jọ. Mo ní rárá. Kí ó kun àwọ̀ tó bá pákó mu síbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún ní kí ó má fọ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ibẹ̀ ni omi irúgbá ti ki jù, ipa ìka Ṣàkírátù sì wà nínú rẹ̀, níbi tí ó ti di pákó náà mú nígbà tí ó ń kùn ún. Ìka mẹ́ta. Kí ìyẹn wà níbẹ̀.

Wọ́n gbé àwòrán náà padà sára ògiri. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngán nígbà tí Asisat padà dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò wo ẹnì kankan nínú wa. Ó lọ tààrà síbẹ̀, ó dúró. Ó wo ọ̀run, ó wo koríko, ó wá gbé ojú sí obìnrin náà, tó dojú kọ ọ́, tó ń bọ̀.

"Ẹ ò rí aláìnítìjú yìí," ó ní jẹ́jẹ́. "Ó ń jẹ orín lójú títì."

Ó fi etí gèlè nu ojú. Ó sún mọ́ ọn sí i.

"Ṣàkírátù, káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé dáadáa lo jí?"